Agege Ń Béèrè, Ọ̀pèbì Ń Dáhùn

Ajé, 9 oṣù Kejì, 2004

Tí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ènìyàn, wọn a ní kí n gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà. Ó kù kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ni mo ṣe ra ìwé yìí.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Ṣínà ọmọ mi sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ lọ gẹrun. Ó ní òun ti fún ọkùnrin kan ní Ìyànà-Ìpájà ní páásípọ́ọ̀tù òun. Ọkùnrin náà ń kó ènìyàn gba Kánò. Wọ́n á gba inú aṣálẹ̀ bọ́ sí Líbíà, láti ibẹ̀ wọ́n á wá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ọkọ̀ Kánò ń gbéra ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, láago márùn-ún ìdájí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó kàwé tán, tó sin ìlú tán, tó ti fi ọdún méjì gbáko kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Mo ní, "Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó gbà ọ́ ní Ọ̀pèbì ńkọ́?"

Ó ní, "Wọn ò gbà mí, Mọ́mì. Wọ́n ní kí n wá kọ́ṣẹ́ ni. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n máa mú. Tí wọ́n bá mú mi, mi ò lọ mọ́. Tí wọn ò bá mú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró."

Mo ní mo gbọ́. Ẹran tó wà níwájú mi, mi ò mọ ìgbà tí mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni fẹ́ fún ológbò.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kejì

Mo ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, kó má fi èdè ilé ìwé pa mí. Ó ní kọ̀ǹpútà kan wà ní ibì kan, òmíràn wà ní ọ̀nà jíjìn. Èyí á béèrè, tọ̀hún á dáhùn, kò ní sí ènìyàn láàárín wọn. Àwọn kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìlúpéjú àti ní Agege ló fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wọn. Ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Ọlọ́runníyì, ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ máa ṣe iṣẹ́ kéékèèké fi dánra wò, kí oníkálukú wá fi tirẹ̀ hàn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta.

Kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn wà ní Ọ̀pèbì. Ó ku ẹni tí yóò máa béèrè láti ibòmíràn.

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí."

"Mo ti ń tẹ táípù ní Ìkọ̀lé nígbà tí wọn ò tíì máa rò ó pé wọ́n á bí ọ. Káfè Shuaib, níbi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà ní Agege níbí, kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa. Máa fún mi ní nǹkan tí n ó béèrè."

Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí a ti ń tún pọ́ǹpù ilé iṣẹ́ ṣe tí mo sì ti ń ṣe akọ̀wé, gbà pé kí n máa lọ láago mẹ́jọ, kí n padà kí àwọn awakọ̀ tó gbé pọ́ǹpù dé. Ọgọ́rùn-ún náírà ni wákàtí kan ní káfè. N ó máa rìn lọ síbi iṣẹ́, kí n lè fi owó ọkọ̀ san án.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kejì

Iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó fi díìsìkì kan lé mi lọ́wọ́ bí ẹni fún mi ní ẹyin. Shuaib bá mi tì í sẹ́nu kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, ẹ tẹ orúkọ yín síbí."

Mo wá lẹ́tà Y títí. Lórí táípù wa ìgbà yẹn, mo mọ ilé rẹ̀. Mo tẹ ÌYÁ ṢÍNÀ láìsí àmì, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ jáde: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ṣínà. Èmi ni Ọ̀pèbì."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn sí i. Shuaib ní, "Màmá, ẹ̀rọ ni o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ẹni tó bá kí ni là ń dá lóhùn.

Ẹtì, 20 oṣù Kejì

Iṣẹ́ kejì: n ó fi nọ́ńbà méjì ránṣẹ́, Ọ̀pèbì á rò ó pọ̀. Méjìlá àti ọgbọ̀n, ó ní méjìlélógójì. Mo fi ẹgbàá mẹ́fà àti àádọ́ta dán an wò, ó gbà á. Mo fi lẹ́tà dípò nọ́ńbà, kò dá mi lóhùn rárá.

Ṣínà ní àdéhùn ni gbogbo rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì tó lè sọ̀rọ̀, wọ́n á ti fẹnu kò lórí ohun tí a lè béèrè àti irú ìdáhùn tí yóò wá. Mo ní bí káàdì tí mò ń so mọ́ pọ́ǹpù lọ́rùn ni: nọ́ńbà rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni ín, ohun tó jó nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e. Tí awakọ̀ bá bi mí bóyá ọ̀gá mi ti jẹun, ìyẹn ò sí lórí káàdì.

Ó ní kí n bá òun da káàdì ọgbọ̀n kọ. Ó ní òun á kó wọn sínú Ọ̀pèbì, kí n máa béèrè wọn; iṣẹ́ kẹta nìyẹn.

Kẹrosíìnì ti gbówó lórí. Ooru ọ̀hún kò jẹ́ kí ara gba aṣọ.

Ajé, 23 oṣù Kejì

Mo béèrè káàdì kejìlá. Pọ́ǹpù ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ni, ìdájí òní ni wọ́n gbé e wá, mo sì ti ka káàdì rẹ̀ fún Ṣínà lórí fóònù; mo kọ "ọjọ́ mẹ́jọ" sí i bí mo ṣe ń kọ ọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà níbẹ̀. Ọ̀pèbì dáhùn pé: "Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹta."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbílọlá, àgbà nínú àwọn tó ń wé wáyà ní ṣọ́ọ̀bù wa, wà ní ẹnu ọ̀nà káfè, wọ́n ń ra síìmù. Wọ́n wọlé wá wò ó. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í fi ẹ̀fẹ̀ ṣòfò. Wọ́n na ìka: "Òní Ajé, ọ̀kan. Ọ̀la Ìṣẹ́gun, méjì. Ọjọ́rú, mẹ́ta." Wọ́n kà á títí, wọ́n bá Ajé mìíràn ní mẹ́jọ. "Akọ̀wé, ọjọ́ tí a dá ọjọ́ wà nínú ọjọ́. Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìṣirò?" Wọ́n gba fóònù tí mo fi ń bá Ṣínà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. "Ṣínà! Tí o bá dá ọjọ́ mẹ́jọ fún àna rẹ, tí o wá dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á ti fi ìyàwó fún ẹlòmíràn!"

Nígbà tí Ṣínà yà ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn pariwo: "Bàbá Ọjọ́ Mẹ́jọ!" Ó fi ẹnu rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a rín.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ní, "Bóyá ibi tí mò ń lọ yẹn ló dáa fún mi, Mọ́mì. Níbẹ̀, tí mo bá ṣìṣe, kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi."

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kejì

Ó ti tún un ṣe. Dípò iye ọjọ́, déètì gan-an ló ń lọ lórí káàdì báyìí. Ó ní òun kò lè kọ́ kọ̀ǹpútà ní òǹkà Ìjẹ̀bú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mi ló pe Bàbá Ìbílọlá wọlé. Láti òní lọ, ẹnu tèmi kò ní sọ àìdáa sí iṣẹ́ ọmọ mi mọ́.

Ajé, 1 oṣù Kẹta

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo béèrè káàdì kẹrin. Ó dúró, ó dúró, ó wá kọ ọ́ pé: "Ó pẹ́ jù." Mo tún un béèrè, ó dáhùn wẹ́rẹ́.

Ṣínà pè. "Mọ́mì, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"A dúpẹ́."

"Ó ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọkọ mi."

Mo gbọ́ ìdùnnú nínú ohùn rẹ̀. Mi ò purọ́. Mo dúpẹ́ lóòótọ́.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹta

Bákan náà. Ti àkọ́kọ́ kò dáhùn, ti èkejì dáhùn. Mo ní a dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹta

Ọládùnní, ẹ̀gbọ́n Ṣínà, wá láti Ìlúpéjú, ó gbé ọsàn wá, kò gbé ọkọ wá. Ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká bó ọsàn."

Mo wá sọ ti Ṣínà fún un, àti bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ̀ láti dáhùn láràárọ̀, tí mi ò fẹ́ fi bà á lọ́kàn jẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ̀rọ̀ sí ènìyàn bí ẹni ń gún wọn lábẹ́rẹ́.

"Mọ́mì, gbogbo aláìsàn tí mo bá bi pé báwo lara, 'a dúpẹ́' ni wọ́n ń wí. Mo ṣì máa ń fi tẹmómítà sí wọn lẹ́nu."

"Ṣínà kì í ṣe aláìsàn."

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni aláìsàn. Ẹ̀yin sì ni tẹmómítà."

Mo ní kó má kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, nígbà tó bá bí tirẹ̀ kó fi tẹmómítà tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó bó ọsàn tán, ó fún mi ní ìdajì.

Ajé, 8 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀. Gbogbo Agege ń rùn bí eruku tútù. Ẹ̀ẹ̀kan kò dáhùn, ẹ̀ẹ̀kejì dáhùn.

Ẹtì, 12 oṣù Kẹta

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá wọn ṣàdédé ní òun fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré ni kí wọ́n béèrè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣínà pè mí pé kí n béèrè káàdì kẹsàn-án. Mo béèrè. Mò ń wò ó. "Ó pẹ́ jù." Mo ti nawọ́ láti tún un béèrè nígbà tí fóònù dún: ọ̀gá ti ní ó tó. Ti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọmọ́bọ́láńlé dáhùn. Ti ẹnì kẹta náà dáhùn.

Ṣínà dé ilé ní agogo márùn-ún. Mò ń ro ọbẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ó ti ṣe báyìí rí?"

Mo ń wo ìkòkò.

"Mọ́mì."

"Ti àkọ́kọ́ nìkan ni. Tí mo bá ti tún un béèrè, á dáhùn."

"Ìgbà mélòó?"

"Láràárọ̀."

Ó fi ìdí lélẹ̀ lórí àpótí. "Láràárọ̀. Mo sì ń bi yín láràárọ̀."

"Mo ní a dúpẹ́. Mi ò fẹ́ kó o lọ, Ṣínà. Mo rò pé tí inú rẹ bá ń dùn sí i, o ò ní lọ."

Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi san owó ọkọ̀ Kánò."

Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹta

Ó kí mi, mo dáhùn, ó tán.

Àìkú, 14 oṣù Kẹta

Mo pè é jókòó lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní, "Ṣínà, mo jẹ̀bi." Ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún kẹ́yìn ni bàbá wọn, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti lọ. Ó sáré dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. "Mọ́mì, ẹ má wí bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó dìde. "Láti ọ̀la, gbogbo èyí tí kò bá dáhùn ni n ó máa kọ, pẹ̀lú aago rẹ̀. Má bi mí bóyá ó ṣiṣẹ́. Ní kí n kàwé fún ọ."

Ó rò ó. Ó ní kò burú. Ó fún mi ní ìwé tó ní ìlà.

Ajé, 15 oṣù Kẹta

8:05, kò dáhùn. 8:06, ó dáhùn. 8:09, ó dáhùn. 8:40, kò dáhùn, 8:41, ó dáhùn. Mo kà á fún un bí mo ṣe ń ka bíbélì níwájú ìjọ.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dúró. Ìgbà tí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló tún kọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ gba pọ́ǹpù lọ́wọ́ awakọ̀ kan."

Ó pariwo níbẹ̀. Ó ní ó ti yé òun. Tí ẹnikẹ́ni kò bá bi Ọ̀pèbì ní nǹkan fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń sùn, kì í sì í tètè jí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni Agege ń dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń sùn lójú mi tí mò ń dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kẹta

Ó ti mú kí Agege máa dúró pẹ́ díẹ̀, tí ìdáhùn kò bá sì dé, kó tún un béèrè fúnra rẹ̀. Láti àná, ti àárọ̀ ń dáhùn.

Iṣẹ́ kẹrin: kì í ṣe ìbéèrè mọ́, èmi ni n ó máa fi pọ́ǹpù tuntun ránṣẹ́ sínú ìwé tó wà ní Ọ̀pèbì. Mo fi nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n ránṣẹ́, ti ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àgídìngbì. Iná NEPA ṣẹ́jú, ó padà. Mo wo ìwé náà. Pọ́ǹpù méjì.

Mo pè é. "Ṣínà, ó bí ìbejì."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti oṣù tó kọjá. Ó ní pọ́ǹpù ti dé Ọ̀pèbì kí ọ̀nà tó gé, èsì ni kò rí ọ̀nà padà. Agege rò pé kò dé, ló bá tún un rán.

Mo ní, "Ní ṣọ́ọ̀bù wa, nọ́ńbà kan ò lè wà lọ́rùn pọ́ǹpù méjì. Tí awakọ̀ bá gbé káàdì dé, ìwé ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá ti wà níbẹ̀, mi ò kọ ọ́ mọ́. N ó sọ fún un pé mo ti gbà á."

"Ẹ tún un sọ, Mọ́mì. Díẹ̀díẹ̀."

Mo tún un sọ. Mo gbọ́ tí bírò rẹ̀ ń ha ìwé.

Ajé, 22 oṣù Kẹta

Mo ní kí Shuaib máa fa wáyà tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà yọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń fi pọ́ǹpù ránṣẹ́.

"Màmá, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́."

"Wáyà ni mo ní kó o fà, mi ò ní kó o já a."

Ìgbà mẹ́tàdínlógún ló fà á. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dìde wá wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ìgbà mẹ́tàdínlógún náà, pọ́ǹpù kan ló wọlé fún nọ́ńbà kan. Kò bímọ kankan lé e.

Ṣínà ti ṣe é kí ó máa sọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Tí ọ̀nà kò bá sí láti Agege, á ní, "Mi ò rí ọ̀nà." Tí Ọ̀pèbì bá ń pẹ́, á ní, "Mo ń dúró de Ọ̀pèbì." Tí nǹkan bá ti dé tẹ́lẹ̀, á ní, "Mo ti gba èyí." Mo fẹ́ràn ti kẹta yẹn. Ohùn mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹta

Ẹnì kẹta nínú wọn ti rí iṣẹ́ sí báǹkì, ó ti kúrò. Ó ku Ṣínà àti Ọmọ́bọ́láńlé. Ọ̀la ni.

Ọkùnrin Ìyànà-Ìpájà pè é níṣojú mi, pé ṣé ó ti ra aṣọ òtútù, pé aṣálẹ̀ máa ń tutù lóru. Ṣínà ní òun á pè é padà.

Ẹtì, 26 oṣù Kẹta

Òjò. Kì í ṣe òjò àkọ́rọ̀ mọ́, òjò tó ní ìbínú nínú. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láago mẹ́jọ, aṣọ mi tutù dé ìbàdí.

Fóònù dún. Ohùn àgbàlagbà: "Màmá, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú òjò. Ọlọ́runníyì ni. Gbogbo wa la jọ ń gbọ́ yín níbí o."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ẹ bá wa fi pọ́ǹpù kan ránṣẹ́."

Mo tẹ nọ́ńbà kejìdínlọ́gọ́ta, mo tẹ bọ́tìnnì. Òjò ń lu páànù bí ẹni da òkúta lé e. Ọ̀rọ̀ jáde: "Mi ò rí ọ̀nà." Mo dúró. "Mi ò rí ọ̀nà."

Shuaib tẹ̀ sí etí mi. Díìsì tó wà lórí òrùlé rẹ̀, tó ń gbé ọ̀nà wá fún kọ̀ǹpútà, ló ń gba òjò sára, ó mọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ní ó ti lọ. Òjò yìí á dá láìpẹ́, á lọ. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Ọ̀gá béèrè lórí fóònù: "Màmá, ṣé ó ti lọ?"

A dúpẹ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo búra, ó ti wà níbẹ̀, ó ti fẹ́ jáde. Mo rí ọkọ̀ Kánò. Mo rí ọmọ mi tó fi aṣọ di imú nítorí iyanrìn.

"Rárá, sà. Kò lọ."

Ẹnì kan wúkọ́ ní ọ̀hún. Ohùn Ṣínà wá dé, ó balẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: "Mọ́mì, ẹ kà á fún mi bó ṣe wà níbẹ̀."

"Ó ní, 'Mi ò rí ọ̀nà.'"

"Ẹ ṣé, mà." Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Kò tíì kúrò ní Agege, sà. Kò sóhun tó ṣe èyí tó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Tí ọ̀nà bá là, á tún un rán fúnra rẹ̀."

"Tó bá rán an lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́?"

"Ọ̀kan lẹ máa rí, sà."

Ọ̀gá ní kí n má pa fóònù. Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Shuaib gbé àga lọ sí ẹ̀yìn, ó fi agboòrùn bo nǹkan kan tí mi ò mọ̀, ó padà wá tó tutù jù mí lọ. Mi ò kúrò lórí àga. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ lo kọ̀ǹpútà náà, mo wò ó, ó lọ jókòó.

Láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà yí padà: "Ọ̀pèbì ti gba nọ́ńbà 58."

Mo kígbe. Mi ò mọ ohun tí mo kígbe. Mo gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ pé, "Ọ̀kan ni mo rí. Ọ̀kan ṣoṣo." Ó ní, "Màmá, ìgbà mélòó ni kò ti dá yín lóhùn, láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣe é?"

Mo ṣí ìwé onílà. "Mọ́kànlélógójì, sà, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, mi ò kọ ọ́. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Ṣínà."

Ọ̀gá ní kí Ṣínà mú ìwé náà wá fún òun ní ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́rú, 31 oṣù Kẹta

Wọ́n mú un. Ó fi lẹ́tà hàn mí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wo déètì rẹ̀, mo wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Bàbá Ìbílọlá ní kí wọ́n gbé e wá kí àwọn náà rí i. Wọ́n kà á láìsí ẹ̀fẹ̀ kankan, wọ́n fi ọwọ́ òróró gbá a léjìká. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì bínú.

Ó ní ti Ọmọ́bọ́láńlé yára ju ti òun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bi í pé ìgbà mélòó ló ti kùnà rí, ó ní kò kùnà rí. Ọ̀gá ní òun ò lè gbé ilé ìkẹ́rùsí ènìyàn lé ohun tí wọn ò tíì rí àìsàn rẹ̀.

Mo ní, "Ta ló ń bá ọmọbìnrin yẹn béèrè láti ọ̀nà jíjìn?"

Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ni. Ní Muṣin."

Lálẹ́, mi ò lè jẹun tán: bóyá òun náà ń dúpẹ́ láràárọ̀.

Ẹtì, 2 oṣù Kẹrin

Ó lọ gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọkùnrin náà ní owó tó ti san kò ní padà. Mo ní kó jẹ́ kó jẹ ẹ́, kó fi ra ọkọ̀ fún ara rẹ̀.

Ọládùnní pè. Mo ní, "Mo gbọ́ tẹmómítà rẹ." Ó ní ṣé ara mi yá. Mo ní orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, n kì í rí oorun sùn dáadáa láti oṣù Kejì, mo sì ń rò nípa ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la wá wo orúnkún.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹrin

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ Kánò ti gbéra. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ṣínà. Ó ń han-un bíi bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò jí.